Nọ́ńbà Mẹ́sàn-án Tí Sàídì Èjìdé Rán ní Pápá

Gbogbo Ìbàdàn ló mọ ìtàn nọ́ńbà mẹ́sàn-án tí Sàídì Èjìdé rán sẹ́yìn ènìyàn láàárín pápá. Ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni, lọ́dún 1969. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, Bẹẹrẹ Rófàsì, fẹ́ gbá àṣekágbá ife-ẹ̀yẹ. Agbábọ́ọ̀lù mọ́kànlélógún ti tò sórí pápá, rẹfirí ti fi fèrè sẹ́nu, nígbà tí bàbá kan yọ láti ẹ̀gbẹ́, téèpù lọ́rùn, jẹ́sì lápá, abẹ́rẹ́ olówùú láàárín eyín. Ó mú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dúró lẹ́yìn ìlà tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó fà á lọ síbi tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù sí gan-an, kí wọ́n má baà lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ọmọ náà. Ó fi jẹ́sì wọ̀ ọ́, ó yí i padà, ó fa nọ́ńbà kan yọ lápò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán an mọ́ ọn lẹ́yìn.

Rẹfirí yọ fèrè lẹ́nu. "Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Aṣọ ni mò ń rán. Fèrè ni tìrẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rán an níta."

"Ìta náà nìyí," Sàídì wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí ní Ọjà'ba máa ń fi kún un pé abẹ́rẹ́ gún ọmọ náà, òun ló jẹ́ kó sáré tó bẹ́ẹ̀, tó fi gbá góòlù mẹ́ta wọlé. Irọ́ ni. Kò gbá ẹyọ kan wọlé, Rófàsì sì pàdánù, méjì sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n irọ́ yẹn kọ́ ló ń dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọn kì í sọ ìdí tí ọkùnrin tó ti búra pé ọmọ yẹn ò ní gba jẹ́sì lọ́wọ́ òun fi wá ń rán an fún un lójú gbogbo ayé.

Télọ̀ ni Sàídì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bẹẹrẹ, lójú ọ̀nà tó lọ sí Mápó. Bẹ́ńṣì gígùn kan wà níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì sì wà lára ògiri. Orí bẹ́ńṣì yẹn ni wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹgbẹ́ òṣèlú, lórí bọ́ọ̀lù, lórí ẹni tó wọ̀lú àti ẹni tó ń kúrò. Ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í dá dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá ní aṣọ́lé Rófàsì ò mọ bọ́ọ̀lù mú, wọn á bi í pé ẹgbẹ́ wo ló dìbò fún. Kó tó dáhùn, ẹlòmíì á ti bi í pé níbo ni bàbá rẹ̀ ti wá.

Sàídì kì í kọ orúkọ oníbàárà sínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀. Agboolé ló ń kọ. "Láti ibí dé Ọ̀rányàn, Sàlámì mélòó ló wà?" ló máa ń wí. "Ṣùgbọ́n tí mo bá ti mọ agboolé ẹ, mo mọ ibi tí màá gbé aṣọ ẹ lọ." Ọgbọ́n wà nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó di ìgbéraga. Ẹni tí kò bá ní agboolé n'Ìbàdàn, Sàídì á kọ "àlejò" sí i, á sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Joseph Ọlábọ̀wálé wà lára àwọn àlejò náà. Akọ̀wé ni, ọmọ Ìjẹ̀bú, Òkè Bọ́lá ló ń gbé. Ogún ọdún ló fi ń jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn. Ó ti kọ́lé sí Òkè Bọ́lá, ó ti sin ìyá rẹ̀ síbẹ̀.

"Sàídì, ìgbà wo lo máa pa àlejò yìí rẹ́?"

"Ìgbà wo lo máa padà sílé?"

"Ilé mi ni mo ti ń bọ̀ yìí."

"Òkè Bọ́lá lo ti ń bọ̀, Akọ̀wé. Ilé ni mo wí."

Ọ̀rọ̀ òṣèlú tún wá kún un. Ọlọ́pẹ ni Joseph, ẹgbẹ́ òṣèlú tí àmì rẹ̀ jẹ́ igi ọ̀pẹ, Sàídì sì jẹ́ Alákùkọ, ẹgbẹ́ alámì àkùkọ, dé eegun. Lọ́dún ìdìbò kan, ní bíi 1956, ìgbìmọ̀ Rófàsì ra aṣọ aláwọ̀ ewé fún jẹ́sì tuntun. Sàídì ní òun ò ní fọwọ́ kàn án, pé ewé ọ̀pẹ ni. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbà. Ó yẹ kí ara ti fu wọ́n. Rófàsì wọ jẹ́sì náà, wọ́n sì ń na gbogbo ẹgbẹ́ tó bá pàdé wọn. Ó tó oṣù mélòó kan kí ìyàwó agbábọ́ọ̀lù apá òsì, Ọlọ́pẹ paraku, tó yí inú jẹ́sì ọkọ rẹ̀ síta láti fọ̀ ọ́, ló bá rí àkùkọ kékeré tí wọ́n fi òwú pupa rán sínú àyà rẹ̀. Wọ́n yẹ tàwọn yòókù wò. Àkùkọ mọ́kànlá.

Joseph gbé ìjà dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Sàídì tú gbogbo rẹ̀ kúrò. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́ Ọlọ́pẹ gan-an ni wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́sàn-án làwọn ti borí pẹ̀lú àkùkọ láyà, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ife fi máa dé. Ife náà sì dé.

Ẹnu Sàídì kan náà ni ìròyìn agbábọ́ọ̀lù tó fẹ́ kúrò ti máa ń jáde. Kì í gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ara aṣọ ló ti ń rí i. Ẹni tó bá wá rán kóòtù, Èkó ló ń lọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jẹ́ kó fẹ̀ díẹ̀, ẹgbẹ́ ńlá ló ń lọ, torí ó mọ̀ pé òun máa jẹun kánú níbẹ̀. Lọ́dún kan, agbábọ́ọ̀lù iwájú tí Bẹẹrẹ fẹ́ràn jù lọ wá rán kóòtù aláwọ̀ eérú, Sàídì sì kéde lórí bẹ́ńṣì pé ẹgbẹ́ kan l'Ékòó ti gbà á lọ́wọ́ wa. Bẹẹrẹ dàrú. Àgbà mẹ́rin dìde, wọ́n lọ bẹ ìyá rẹ̀ pé kó dá ọmọ rẹ̀ dúró. Obìnrin náà bi wọ́n pé kí ni àfẹ́sọ́nà ọmọ òun ṣe fún wọn, nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n padà wá bá Sàídì, kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní, "Ṣé kò kúrò lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ ni?"

Bó ṣe wà nìyẹn títí di ìparí ọdún 1969, tí ìjọba Gáná ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú máa lọ sí ìlú rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún ìtúnnu àwẹ̀, lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn èèyàn wa sílẹ̀ l'Ọ́jà'ba pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n rí dì. Kẹ́hìndé wà lára wọn, òun àti ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni, Kùmásí ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti mọ bọ́ọ̀lù. Yorùbá rẹ̀ dá ṣáká, àmọ́ ohùn Kùmásí wà lára rẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí kan ní Àrẹ̀mọ ni wọ́n ń sùn. Ìgbìmọ̀ Rófàsì rí ẹsẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n ní kó wá gbá àṣekágbá fáwọn. Alága ṣèlérí pé bó bá ti wọ jẹ́sì Rófàsì, òun á gbà á síbi iṣẹ́ ìlapákó òun, òun á sì fún ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ ní yàrá kan.

Ìjọba ológun ti fòfin de ẹgbẹ́ òṣèlú nígbà náà, ṣùgbọ́n wọn ò rántí fòfin de bẹ́ńṣì Sàídì.

"Ará Gáná ni," Sàídì wí.

"Àwọn ará Gáná ló lé e wá," Joseph dá a lóhùn. "Wọ́n ní ará ibí ni."

"Wọ́n ṣì í mọ̀."

"Ta ló wá ni ín?"

"Èmi kọ́ ni wọ́n máa bi."

Òun náà ni wọ́n wá bi. Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́hìndé dé ẹnu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kúuṣẹ́, bàbá. Wọ́n ní kí n wá wọn jẹ́sì."

Sàídì ṣí ìwé. "Agboolé wo?"

"Bàbá mi ní Àrẹ̀mọ ni."

"Àdúgbò ni Àrẹ̀mọ. Agboolé wo?"

"Wọn ò sọ ọ́ kí wọ́n tó kú, bàbá. Wọ́n kàn ní kànga wà lẹ́nu ọ̀nà."

Sàídì gbé pẹ́ńsùlù sílẹ̀. "Mi ò lè kọ kànga síwèé."

"Ẹ kọ àlejò. Mo gbà bẹ́ẹ̀."

"Kọ ọ́ fún un," Joseph wí láti orí bẹ́ńṣì. "Ṣebí o kọ ọ́ fún èmi."

"Àlejò ló ní ibi tó máa padà sí," Sàídì dáhùn. "Ìwọ ní Ìjẹ̀bú. Ibo ni tèyí?" Ó pa ìwé dé. "Wàláì, ẹnikẹ́ni ò ní gba jẹ́sì Rófàsì jáde ní ṣọ́ọ̀bù yìí láìní agboolé."

Kẹ́hìndé tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé, bàbá," ó sì lọ. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn fún Sàídì. Ọpẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó lè ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà.

Kúlúsúmù, ìyàwó rẹ̀, tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dúró títí bẹ́ńṣì fi tú.

"Bàbá Sìdí, nígbà tí bàbá bàbá yín gbé òfì rẹ̀ ti Ìsẹ́yìn dé, agboolé wo ló sọ pé òun ti wá n'Ìbàdàn?"

"Agboolé Èjìdé."

"Ta ló ń jẹ́ Èjìdé níbẹ̀ kó tó dé?"

Sàídì bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ. Bàbá bàbá rẹ̀ gan-an ló ń jẹ́ Èjìdé.

Ṣùgbọ́n Sàídì kì í ṣe ẹni tó máa ní òun ṣàṣìṣe. Ó ti ṣọ́ọ̀bù lásìkò tí iṣẹ́ pọ̀ jù, ó kọjá sí Àrẹ̀mọ, ó ń wá agboolé tí kànga wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ lọ sí Kùmásí tí kò bọ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó ṣèèṣì sọ pé agbábọ́ọ̀lù ni ọmọ tó ń wá ilé fún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, agboolé mẹ́rin ti ní àwọn làwọn ni ín. Baálé kan ní òun rántí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ dáadáa. Agboolé karùn-ún, tí kò ní kànga, ti ń wá ẹni tó máa bá wọn gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ kẹta, tí í ṣe ọjọ́ Kérésìmesì, Sàídì padà yí wọn ká, ó ń bi wọ́n ní orúkọ ẹni tó lọ sí Kùmásí. Wọ́n dá orúkọ márùn-ún. Kò sí ti bàbá Kẹ́hìndé níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ni wọ́n ń fẹ́. Ó dun Sàídì títí tó fi délé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì Kérésìmesì, ó gé aṣọ láì wọn ẹnikẹ́ni, ojú lásán ló fi gé e. Ó ti kù díẹ̀ kí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ kó tó fi nọ́ńbà sápò, tó sì gbé jẹ́sì lọ sí pápá. Nígbà tí Joseph bi í léèrè ìbúra, èsì ti wà nílẹ̀. "Mo ní kò ní gbà á jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo gbé e jáde. Jẹ́sì tí kò sì ní nọ́ńbà, àwọ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ìta ni mo ti rán jẹ́sì."

Pé wọ́n pàdánù, ẹjọ́ rẹfirí ni. "Ó kán mi lójú," Sàídì wí títí ayé rẹ̀. "Nọ́ńbà yẹn wọ́ sápá òsì, gbogbo bọ́ọ̀lù ọmọ náà sì ń wọ́ sápá òsì." Alága mú ìlérí ṣẹ. Kẹ́hìndé ríṣẹ́, ìyá rẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́sálásí. Kẹ́hìndé rò pé agboolé kan ní Àrẹ̀mọ ló gba òun, pé ìdí nìyẹn tí Sàídì fi rán jẹ́sì, torí gbogbo wọn ló ń kí i bí ọmọ. Kò bi Sàídì rí, Sàídì náà ò sì sọ.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, Sàídì kú. Lọ́jọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Kúlúsúmù gbé ìwé ìwọ̀n jáde, ó sì fún Joseph pé kó kà á sáwọn létí, ṣebí akọ̀wé ni. Joseph wá ara rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ó wà níbẹ̀: "Àlejò, Òkè Bọ́lá", ìlà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Sàídì ti pa ìwọ̀n ìbàdí rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì kọ tuntun sí i, tó fi mọ́ ọdún tí Joseph ò rán ohunkóhun. Gbogbo ìgbà tó fi ń bú u lórí bẹ́ńṣì, ó ń fojú wọ̀n ọ́n. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Joseph náà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ ìgò ojú, tó ń nù ún.

Ó ṣí i dé Oṣù Kejìlá 1969. Ó na ìwé sí Kẹ́hìndé, tó jókòó lẹ́yìn láàárín àwọn Rófàsì.

Àkọsílẹ̀ ọmọ náà nìyí: "Agboolé Èjìdé, Bẹẹrẹ. Jẹ́sì nọ́ńbà mẹ́sàn-án. Ọrùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àyà méjìdínlógójì." Ọjọ́ Kérésìmesì ló wà lórí rẹ̀. Agboolé ti wà kí jẹ́sì tó wà. Gbogbo ọgbọ́n ìta tó dá ní pápá, ó fi bo ohun tó ti kọ mọ́lẹ̀ ni.

Kẹ́hìndé kà á lẹ́ẹ̀mejì. "Ìyá, kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ta lo gbọ́ pé wọ́n sọ fún rí pé àwọn ṣàṣìṣe?" Kúlúsúmù dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

Àlùfáà ní kí àwọn ọmọ olóògbé bọ́ síwájú, kí wọ́n wá jókòó sórí ẹní fún àdúrà. Sìdí àtàwọn àbúrò rẹ̀ dìde. Kẹ́hìndé ò kúrò níbi tó wà. Joseph rọra gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dìde, wọ́n ń pe ẹ̀yin ọmọ. Bọ́ bàtà ẹ sílẹ̀. Èmi àlejò á bá ẹ mú ìwé lọ́wọ́."