Ọmọ Tó Gbójú Sókè

Kàráté tí mo kọ́ nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo fi ń kó àwọn ọmọ jọ lẹ́yìn ilé-ìwé, níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Ìlá. Àwọn òbí kan ní ìjà ni mo ń kọ́ wọn. Ìjà kẹ̀? Ọmọ tí wọ́n ti pè ní olódo títí tóun náà fi gbà, kí ló fẹ́ fi ìjà ṣe? Kó kọ́kọ́ nàró ná, kí ohùn rẹ̀ jáde. Ohun tí mo ń wá kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn tí kì í sọ̀rọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń ta obì, ló ń gbé. Tí mo bá pè é ní kíláàsì, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ó máa ń dùn mí wọra.

Òfin kàráté kan wà: bí o bá tilẹ̀ ń tẹríba fún ẹni tó dojú kọ ọ́, má gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé e. Lọ́jọ́ tó yé e, ó tẹríba, ó gbójú sókè, ó ju ẹ̀ṣẹ́, ó sì pariwo débi pé àwọn ọlọ́kadà ẹ̀yìn ògiri bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. Mi ò rí eyín ọmọ náà rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá àgbà fà á lọ́wọ́ wá bá mi. Mo kúnlẹ̀ kí wọn.

"Tíṣà, mò ń bá a wí, ó ń wò mí lójú kòrókòró! Ta ló kọ́ ọmọ yìí nírú ìyẹn?"

"Ẹ má bínú, mà. Kì í ṣe àfojúdi."

"Kí ló wá jẹ́? Ìyá rẹ̀ ò sí ńlé. Bó bá yàyàkuyà, èmi ni wọn ó bú."

Inú ń bí mi. Mi ò kì í gba gbàkugbà, ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé pé ọmọ gbọ́dọ̀ lè gbójú sókè. Ìgbà náà ni mo rí i pé bàtà ìyá náà ni mo ti ń wò látìgbà tí mo ti kúnlẹ̀.

Mo yọjú wo ọmọ náà. Èmi ló ń wò. Ó wo orúnkún mi nílẹ̀, ó wo orí mi tí mo tẹ̀ ba. Lẹ́yìn náà lòun náà rọra wo ilẹ̀.

Kò wá sí kàráté mọ́. Bí mo bá sì pè é ní kíláàsì, ilẹ̀ náà ló ṣì ń wò.