Òdòdó Tòmátì Àǹtí Bọ́lá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, sìmẹ́ńtì ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé ilé tí a háyà ní Ṣàngó-Ọ̀tà, nítorí náà inú ike ọ̀dà ni Màámi ń gbin tòmátì sí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tó dàgbà nílé tí yàrá ti ń wojú yàrá, ẹ ó rántí irú ike bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ gbá a dànù níbi tí a ti ń ṣeré tẹ́ń-tẹ́ń, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ méjèèjì lókè. Iṣẹ́ tèmi láràárọ̀ ni kí n da omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì sí àwọn tòmátì náà nídìí.

Bí irúgbìn bá hù, Màámi á pín in fún gbogbo obìnrin ilé, kí kálukú ní tirẹ̀ níwájú yàrá. Ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí tòmátì tètè so. Bí igi náà kò bá tíì ga dé orúnkún mi, tó sì ti yọ òdòdó tó pọ́n bí ìyeyè, èékánná ló fi ń já a dànù. Ó ní kó kọ́kọ́ ta gbòǹgbò, kó lápá, kó tó ronú ọmọ. Òórùn ewé yẹn kì í kúrò níka rẹ̀. Bó bá fún mi lókèlè ẹ̀bà, mo máa ń gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, ó já tiwa, ó já ti àwọn yòókù, ó wá kan ti Àǹtí Bọ́lá, ìyàwó tó ń gbé yàrá ìkángun, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe bísíkíìtì. Àǹtí Bọ́lá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ẹ fi tèmi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó so."

Màámi rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, èyí tí ò tíì lápá, kí ló fẹ́ fi pọn ọmọ?"

Ohun tó máa ń sọ fún gbogbo èèyàn nìyẹn. Ṣùgbọ́n Àǹtí Bọ́lá ti pẹ́ nílé ọkọ, kò tíì bímọ. Gbogbo ilé ló mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Màámi fọwọ́ bo ẹnu.

Kò sì lè lọ bẹ̀ ẹ́. Ó ní bí òun bá bẹ̀ ẹ́, á jẹ́ pé òun dárúkọ ohun tí a kì í dárúkọ. Wọ́n kàn ń kíra wọn láàárọ̀ ni, kò sí ẹ̀fẹ̀ mọ́.

Tòmátì Àǹtí Bọ́lá ló kọ́kọ́ so nínú ilé, kéékèèké bí ọmọ ayò. Ìyá onílé, ọmọ Ọ̀tà gidi, fi Màámi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹni o ní kò lápá, ó ti pọn ọmọ o!" Màámi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé ewé igi náà ń pọ́n, pé ó ń tẹ̀. Ẹ̀rù bà á pé bó bá kú, ọ̀rọ̀ ẹnu òun á dà bí èpè. Bí Àǹtí Bọ́lá bá ti wọ bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́, Màámi á lọ bu ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ sí i nídìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, iná kò sí níléeṣẹ́, wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ padà. Àǹtí Bọ́lá bá Màámi níbi tó ti ń fi àkísà so igi tòmátì rẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Mo rò pé ìjà dé. Àǹtí Bọ́lá gbé báàgì sílẹ̀, ó bá a di igi náà mú.

"Òdòdó mìíràn tún ti yọ, mà. Ẹ já a."

"N kò já a. Jẹ́ kó so."

"Ẹ já a, mà. Mo fẹ́ kó pẹ́."

Màámi wojú rẹ̀. "Ó dáa, já a fúnra rẹ." Ó já a.

Igi náà kò ga bíi tiwa, ṣùgbọ́n kò kú. Nígbà tó yá, Àǹtí Bọ́lá àti ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Ìgbẹsà. N kò mọ̀ bóyá ó bímọ.

Lónìí, èmi náà ti di ìyá ọmọ, mo sì ń gbin tòmátì sẹ́yìn ilé wa, níbí ní Ṣàngó náà. Mo ń já òdòdó àkọ́kọ́, tèmi sì ń so ju ti Màámi lọ. Fẹ́ǹsì wà lọ́tùn-ún, fẹ́ǹsì wà lósì, kò sẹ́ni tó ń di ọwọ́ mi mú. Ní ti ìgbà náà, òdòdó kan ṣoṣo tó láti dá ìyapa sílẹ̀ nílé wa. Obìnrin tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì wa kó lọ lóṣù tó kọjá, orúkọ rẹ̀ ni mo ṣì ń bèèrè.