Tìmùtìmù Pupa Lórí Ìjókòó Awakọ̀

Bí irọ́ bá wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, kí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu já dànù kí n tó sọ ọ́ tán.

Afẹ́fẹ́ ni ìnagijẹ ọkọ ọmọbìnrin mi. Mọ́tò búrẹ́dì ló ń wà. Tó bá mutí tán, á ní ojú òun túbọ̀ ń là ni. Nígbà àkọ́kọ́ tí ọlọ́pàá mú un, ó san owó ìtanràn, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. Nígbà kejì, ó fi mọ́tò wó ògiri ilé ìwé. Adájọ́ gba láísẹ́ǹsì ẹ̀ fún ọdún kan gbáko. "Bó o bá tún mutí wakọ̀, ó di gbére."

Búrẹ́dì ò kúkú lẹ́sẹ̀. Bí ọmọ mi ṣe gba sítíárì nìyẹn. Ó kúrú, ó wá gbé tìmùtìmù pupa sórí ìjókòó, ó fa àga síwájú, ó tẹ dígí tó fi ń wo ẹ̀yìn wálẹ̀. Ọkọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹrù.

Ẹ gbọ́ owú! Tí ọmọ mi bá fọn fèrè mọ́tò, Afẹ́fẹ́ á dijú bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Àràárọ̀ ló ń yọ́ lọ ti àga sẹ́yìn, tó ń gbé dígí sókè síbi tó bá ojú tiẹ̀ mu. Ọmọ mi á dá a padà.

"Ìyá Oníbúrẹ́dì," oníṣọ́ọ̀bù kan wí, "látìgbà tẹ́ ẹ ti ń wà á, búrẹ́dì ò rún mọ́ o!"

"Èmi náà mọ̀ ọ́n wà," Afẹ́fẹ́ dáhùn.

"A mọ̀, Ọkọ Ìyá Oníbúrẹ́dì. Ògiri ilé ìwé náà mọ̀."

Kò jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ tó gba láísẹ́ǹsì padà, onítáyà ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti bu ọtí dè é. "Ife kan ṣoṣo, Afẹ́fẹ́! O tún ti dọ̀gá."

Ọwọ́ ẹ̀ ti kan ife kó tó wo ìta. Ìyàwó ẹ̀ ṣì wà lórí tìmùtìmù, kò pa mọ́tò.

Ó ti ife padà. "Mu ún fúnra ẹ. Bí mo bá mu èyí, obìnrin yẹn ò ní dìde níbẹ̀ mọ́ láyé."

Ó lọ bá ìyàwó ẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. "Jọ̀ọ́, sún."

"Yanu."

Ó yanu. Ọmọ mi gbóòórùn ẹ̀ dáadáa, ó sún.

Ó ti pé ọdún mẹ́fà, omi ló ń mu. Ọmọ mi ò sì gbé tìmùtìmù wọlé o. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló fi sí, níbi tí ọkọ ẹ̀ á ti máa rí i nínú dígí.

Àwọ̀ pupa yẹn nìkan ni mo fi kún un. Tìmùtìmù aláwọ̀ eérú ni. Ṣùgbọ́n ta ní í jowú eérú?