Ibi Ọmọ Tí A Kò Sin Sídìí Ọsàn

Oyún ìyàwó mi ti tó oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó sọ fún un, ní ilé ìwòsàn kan ní Ìkìrun, pé kò sí ọmọ níbẹ̀. Bébà tí wọ́n fi yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ti yọ ìlà méjì. Ó ń bì, ikùn rẹ̀ sì ti yọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, ohun tó kún ibẹ̀ dà bí ẹyin ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n kó o jáde. Nọ́ọ̀sì di í sínú ọ̀rá fún wa.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé ní Ìnísà, ni wọ́n máa ń sin ibi ọmọ ìdílé wa sídìí igi ọsàn lẹ́yìn ilé bàbá wa níbẹ̀. Ìyàwó mi ní ká gbé e lọ bá wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ fọwọ́ kan ọ̀rá náà.

"Ibi ọmọ wo? Ọmọ dà? Ìyàwó, oyún afẹ́fẹ́ lo ní. Tí a bá sin afẹ́fẹ́, kí ni yóò hù?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gbé e padà sí Ìkìrun, mo gbẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ilé tí a háyà, mo bò ó.

Láti ọjọ́ náà, olóyún afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń pe ìyàwó mi nílé wa. Tí ẹnikẹ́ni bá bímọ, wọn kì í jẹ́ kó gbé ọmọ náà. Ohun tí wọ́n kó jáde nínú rẹ̀ tún hù padà, ó di àìsàn, ó mú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, ó sì pa á. Ohun tó sọ fún mi kẹ́yìn ni pé, "Mi ò purọ́."

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo lọ ń kàwé. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, èmi àti àwọn tí mo lè bí lọ́mọ ni a jọ ń jókòó ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní Òkukù. Olùkọ́ wa ní purotéènì kan wà tó máa ń wà nínú ìtọ̀ aláboyún, òun ni bébà náà ń rí. Ó ní kì í ṣe ọmọ ló ń pèsè rẹ̀. Ibi ọmọ ni. Nígbà mìíràn, ibi ọmọ nìkan a hù, kò ní sí ọmọ, bébà á sì yọ ìlà méjì.

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ó sì bá iṣẹ́ lọ.

Ní Sátidé, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìnísà. Ẹ̀gbọ́n mi ń bó ẹ̀gúsí. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Ibi ọmọ ni, Àǹtí mi. Ti ìdílé wa ni. Kò purọ́."

Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀gúsí dànù. "Ó dáa náà. Ta ló tún ń bi ẹ́?"

Wọ́n ní kí n jẹun. Mi ò jẹ.

Mo gba ẹ̀yìn ilé jáde. Àyè ṣì pọ̀ nídìí ọsàn. Ṣùgbọ́n ní Ìkìrun, onílé wa ti da kọnkéré sórí ibi tí mo gbẹ́.