Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bàbá mi kì í fi orúkọ ara rẹ̀ sí nǹkan kan. Wọ́n lé e ní Ghana lọ́dún 1969 pẹ̀lú aṣọ ọrùn rẹ̀ àti ìyá mi. Ṣọ́ọ̀bù tó fi sílẹ̀ ní Kumasi, orúkọ rẹ̀ gàdàgbà ló wà lára ògiri rẹ̀, orúkọ yẹn náà ni wọ́n sì fi wá a rí. Nígbà tó dé ìlú Bouaké, ní orílẹ̀-èdè tó múlé ti Ghana, níbi tí wọ́n ti ń sọ Faransé, tó ṣiṣẹ́ bí ẹrú títí tó fi ra ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n ń pè ní báṣé, tuntun nínú ọ̀rá, ó ní kí wọ́n kọ ìwé ọkọ̀ náà ní orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Baoulé kan, ẹ̀yà onílẹ̀ níbẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ń gbé ní àdúgbò Kennedy. Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lára àwọn èèyàn wa ní Dougouba, àdúgbò tí à ń gbé, ẹni tó ní ilẹ̀, orúkọ ọmọ onílẹ̀ kan ló wà nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, bákan náà. Ọgbọ́n ni wọ́n ń pè é. Wọ́n a máa fi yangàn fún ara wọn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Èmi ń pè é ní ìwà òmùgọ̀, mo sì mọ̀ pé bàbá mi ni mò ń bú.

Ọdọọdún tí a bá pa ẹran Iléyá, ọ̀rẹ́ yìí la kọ́kọ́ ń gé itan fún. "N teri" ni bàbá mi ń pè é, ìyẹn "ọ̀rẹ́ mi" ní èdè Dioula tí wọ́n jọ ń sọ. Òun náà a máa pe bàbá mi ní Anago, bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Mi ò rántí ọjọ́ kan tó pe orúkọ tí wọ́n sọ bàbá mi.

Ọkọ̀ náà ló ń bọ́ wa. Bẹ́sìnì àti abọ́ tánńganran ni bàbá mi ń kó lọ tà lọ́jà Diabo, á sì kó iṣu bọ̀. Nígbà tí wọ́n gé agbára owó sẹ́fà sí méjì tí ọjà dá páú, ọ̀pọ̀ àwọn ará wa di ẹrù wọn, wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa kò lọ, nítorí a ní báṣé.

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí ẹ́ńjìnì fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn ń mi ìṣó nínú agolo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Mẹkáníìkì kan nítòsí ọjà tẹ́tí sí i, ó sáré pa á.

"Baba, ẹ má tan án mọ́ o. Pọ́ǹpù tó ń fa ọ́ìlì ni. Gbogbo irú ọkọ̀ yìí ló ní àléébù yẹn, àwọn tó ṣe é gan-an ti jẹ́wọ́. Wọ́n kọ lẹ́tà sí gbogbo ẹni tó ni ín pé kó gbé e padà sí gàráàsì ńlá tó ti rà á, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ò rí lẹ́tà ni?"

Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. Orúkọ tó wà nínú ìwé ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ lẹ́tà sí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà la lọ sí Kennedy. Lẹ́tà ọ̀hún wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ti ṣí i, àmì ìdí ife tíì ti yí po lórí rẹ̀. Èmi ni mo kà á, torí bàbá mi kò mọ ìwé Faransé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti fi ránṣẹ́: ẹ má wa ọkọ̀ náà mọ́, ẹ́ńjìnì rẹ̀ lè dákú lójijì lójú ọ̀nà. Oṣù mẹ́rin gbáko ni bàbá mi fi ń lọ Diabo tó ń bọ̀, tòun ti ìyá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Iṣẹ́ ló pọ̀," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Mo gbàgbé."

Bàbá mi ní kò séwu. Ó tún dúpẹ́ pé ó bá òun tọ́jú lẹ́tà náà.

Lásìkò yẹn, rédíò kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn ju ta ni ọmọ ilẹ̀ gidi àti ta ni àjèjì. "Ivoirité" ni wọ́n ń pè é. Ọlọ́pàá á dá ọkọ̀ dúró, á wo ilà ojú bàbá mi, á ní káàdì rẹ̀ dà. Nítorí náà, nígbà tí a fi okùn fa báṣé dé gàráàsì ńlá, ọ̀rẹ́ bàbá mi ló ṣíwájú, ó de táì. Akọ̀wé wọn béèrè ẹni tó ni ọkọ̀.

"Èmi ni."

"Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ṣófẹ̀ẹ̀ mi ni. Anago mi. Ọmọ rẹ̀ nìyẹn."

Bàbá mi kò gbọ́ Faransé, àmọ́ ta ni kò mọ̀ pé awakọ̀ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni ṣófẹ̀ẹ̀? Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ́jú sí i pé kó gbà bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá. Bàbá mi tẹrí ba, ó fi ìwọ̀nba Faransé tó mọ̀ dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá:

"Wi, pàtírọ̀n."

Akọ̀wé ní lóòótọ́ ni pọ́ǹpù náà ní àléébù, àmọ́ àwọn awakọ̀ wọ̀nyí ló ń bà á jẹ́ tán. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ní, "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Bó ṣe ń gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ nílùú wọn náà ló ṣe ń wakọ̀." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Bàbá mi rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rí gbogbo eyín rẹ̀. Mi ò tíì kórìíra ẹnikẹ́ni láyé mi tó bí mo ṣe kórìíra bàbá mi ní ìṣẹ́jú yẹn.

Wọ́n na fọ́ọ̀mù sí mi pé kí èmi tí mo mọ̀wé kọ ọ́. Mo kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ síbi ẹni tó ni ọkọ̀. Mo kọ ti bàbá mi síbi awakọ̀. Lẹ́tà ńlá ni mo fi kọ tirẹ̀, kó lè hàn kedere.

Pọ́ǹpù kò tètè dé. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni bàbá mi ń lọ wò ó, ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì a sì máa sọ fún un pé, "Ìwọ ṣófẹ̀ẹ̀, lọ pe ọ̀gá rẹ wá." Á wá lọ sẹ́yìn ọgbà, á máa yọjú wo ọkọ̀ rẹ̀ láàárín irin. Ìyá mi pàtẹ ìyókù bẹ́sìnì síwájú ilé wa, kò sẹ́ni tó rà á.

Ọjọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n ní pọ́ǹpù àtijọ́ ti ha inú ẹ́ńjìnì, ni wọ́n bá tún pààrọ̀ ìdajì ẹ́ńjìnì mọ́ ọn, ọ̀fẹ́ náà ni. Akọ̀wé na kọ́kọ́rọ́ sí ọ̀rẹ́ bàbá mi. Bàbá mi tẹ́ ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

"Jẹ́ kí n dán an wò ná."

Ó wà á jáde. Ẹsẹ̀ ni èmi àti bàbá mi fi rìn délé.

Ọ̀sẹ̀ kan di mẹ́ta. Bàbá mi bẹ àwọn àgbà wa níṣẹ́ sí i. Ọkùnrin náà fún wọn lómi tútù, ó gbé ìwé ọkọ̀ jáde, ó ní tí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé wọn, kí wọ́n jẹ́ káwọn jọ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn àgbà wọ bàtà wọn. Èwo nínú wọn ni ilé rẹ̀ kò sí lórúkọ irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rù ń bà wọ́n kí ọ̀rẹ́ tiwọn náà má lọ gbọ́. Wọ́n ní kí bàbá mi fọwọ́ wọ́nú.

Mo kúnlẹ̀ bu oúnjẹ fún un nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sì sọ ọ́ lójú rẹ̀: "Baba, Ghana ò kọ́ yín ní nǹkan kan. Níbẹ̀, wọ́n lé yín kí wọ́n tó gba ohun ìní yín. Níbí, ẹ̀yin lẹ gbé e fún wọn." Mo retí kó gbá mi létí. Ńṣe ló ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kò jẹ oúnjẹ náà.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè é. Ìyá mi ní Ọlọ́run ti fọwọ́ tọ́ ọ lọ́kàn, ó lọ aṣọ funfun fún bàbá mi. Mo tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà jókòó pẹ̀lú àwọn àna rẹ̀, báṣé wà nínú àgbàlá, wọ́n ti fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà. Kò ní ká jókòó. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí bàbá mi, bàbá mi sì hán an.

"Kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà Diabo tó ọ. Ìyàwó mi fẹ́ máa ta iṣu. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la, má pẹ́."

Mo wo ẹnu bàbá mi. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú pé kó sọ ohunkóhun, èébú, èpè, ohunkóhun.

"Wi, pàtírọ̀n."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo yà sí Kennedy nígbà tí mò ń lọ síléèwé, bóyá bàbá mi ti yí ọkàn padà. Mo bá a níbẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu gíláàsì iwájú ọkọ̀. Ó wọlé, ó tan ẹ́ńjìnì, kò ké rárá. Ó rí mi lẹ́nu géètì, ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ìjọ́sí ní gàráàsì ńlá.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ló wí. "Wọ́n mà tún un ṣe dáadáa."