Ojú Tó Gbẹ Lórí Òkìtì Èédú

Ẹni tó bá pe Adétóun Adéyẹmí ní oníwà pẹ̀lẹ́ kò tíì fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ṣọ́ iná níbi tí wọ́n ti ń wa èédú inú ilẹ̀ ní Kogí, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Tompkinsville, ní New York. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì kan ní Manhattan ló ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Bí kò bá fọwọ́ sí i pé kò séwu iná níbi ìwakùsà kan, ilé iṣẹ́ náà ò ní fún àwọn tó ni ín ní inṣọ́ránsì.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ti jókòó sínú fẹ́rì, ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e lọ síbi iṣẹ́, ní St. George nígbà tí Bọ̀dá Ògúnṣọlá, ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, pè é láti Kogí, níbi tí ọ̀sán ti pọ́n.

"Tóun, ìwé inṣọ́ránsì wa ti wà lọ́dọ̀ rẹ láti ọjọ́ Jímọ̀. Ṣebí ọmọ ilé ni ọ́. Fọwọ́ sí i, jàre."

"Ẹ káàsán, sà. Mo rí fọ́tò inú rẹ̀. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, gbogbo òkìtì èédú tutù rinrin, àfi ojú kan ṣoṣo tó gbẹ táútáú. Iná ń jó lábẹ́ ibẹ̀."

"A ti da omi sí i."

Omi kẹ̀! Inú bí Adétóun débi pé ó dìde dúró. Omi á kàn ṣàn kọjá ni, iná á sì máa jẹ èédú lábẹ́ títí ibẹ̀ á fi di ihò tó lè gbé èèyàn mì. Ṣe ló yẹ kí wọ́n hú èédú tó gbóná jáde, wọ́n á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù, wọ́n á kì í mọ́lẹ̀ gírígírí, wọ́n á wá fi amọ̀ bò ó kí atẹ́gùn má ráyè wọlé. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta péré! Wọn ò kàn fẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró ni.

"Ta ló wà lórí òkìtì yẹn báyìí, sà?"

"Káyọ̀ ni. Ó ń wa katapílà."

"Ṣé ẹ sọ fún un pé iná wà níbẹ̀?"

"Kó lè sá lọ?"

Háà! Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Àwọn wọ̀nyí fi tiwọn sábẹ́ ọmọ ọlọ́mọ!

"Ẹ̀rù Ọlọ́run ò bà yín ni? Ẹ ní kó sọ̀ kalẹ̀, sà! Báyìí báyìí, kí n fetí ara mi gbọ́!"

Gbogbo èrò fẹ́rì ń wò ó. Kò bìkítà. Ó gbọ́ tí ọ̀gá náà pariwo orúkọ Káyọ̀, ó gbọ́ tí ẹ́ńjìnnì kú.

"Ó ti sọ̀ kalẹ̀. Ó yá, fọwọ́ sí i."

"Mi ò ní fọwọ́ sí i, sà. Ẹ kọ́kọ́ hú iná yẹn jáde."

"Adétóun! Ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí? Èmi tí mo fọwọ́ ara mi gbà ọ́ síṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ̀yin náà lẹ gba Káyọ̀ síṣẹ́."