Wọ́n ní ẹnu mi ló ń ṣe "krr krr" nínú míkrò

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Dàdá Ṣadé!

Ó fẹ́ kọ orin sínú òrdínátọ̀ mi, ìyẹn kọ̀ǹpútà, lónìí, kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn kí aago mẹ́rin tó lù. Bí kò bá dùn, ọmọge kan láti àdúgbò Akron ni yóò dá orin ìkórè.

Ó fi míkrò tó ń gba ohùn kọ ọ́ tán, a gbọ́ ọ: krr, krr, krr.

Ó yíjú sí mi. "Ìwọ ni."

"Dàdá, èmi kọ́! Pílótì, ètò inú òrdínátọ̀ tó ń bá míkrò ṣiṣẹ́, ló bàjẹ́."

"Ìwọ tí o ké bí ewúrẹ́ lánàá títí Màmá fi ń wá ewúrẹ́ náà kiri?"

Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ti àná nìyẹn!

Mo yọ pílótì, mo tún un fi sí i, mo pa òrdínátọ̀, mo tàn án. Krr, krr.

Ó ní kí n gbé omi sẹ́nu kí òun tó tún un kọ. Mo gbé e, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Krr ṣì wà níbẹ̀! Mo tu omi dànù: "Ṣé ẹ ti rí i?"

"Imú lo fi ṣe é."

Imú!

Aago mẹ́rin ku díẹ̀, ó fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá akọrin fèsì: "Ohùn rẹ dáa, ìwọ lo máa dá orin náà. Àmọ́ ta ló ń din àkàrà lẹ́yìn rẹ?"

"Àbúrò mi ni, bàbá."

Ọ̀gá akọrin ní kí n wá tọrọ àforíjì lọ́la. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀ṣẹ̀ òrdínátọ̀, ṣé èmi ló yẹ kí n dọ̀bálẹ̀ nítorí rẹ̀? Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí!